Sípánà Dún, Bóòtì Ò Mú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Karùn-ún ni wọ́n pe Adébùnmí láti Adelphi, ìlú kan ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n gbé kọ́ sábẹ́ àjà ti sọ̀ kalẹ̀. Kò já o. Igun rẹ̀ kan ṣoṣo ló sọ̀, kò sì ju ìwọ̀n ìka kan ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ kọnkéré kò gbọdọ̀ sọ̀ ní ìwọ̀n èékánná pàápàá, Adébùnmí ló sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn bóòtì náà dáa.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yọ́ kí físà tó jáde. Nígbà tó dé Maryland, ó tún lọ kàwé díẹ̀, ó sì ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ kékeré kan tó máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn kọ́lékọ́lé wò: ṣé kọnkéré le tó, ṣé irin pé, ṣé bóòtì mú. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rèé níbẹ̀. Òun àti Mobáyọ̀ ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gbé ní Kettering; Tolúwalọpẹ́ ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lọ sí yunifásítì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Wolé-wolé ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n ní bó ṣe ń yẹ ilé onílé wò kò yàtọ̀ sí tàwọn wolé-wolé ayé àtijọ́. Òun náà a sì máa jẹ́ orúkọ náà.

Ilé oníṣègùn eyín ni wọ́n fẹ́ sọ ilé tó wà ní Adelphi yìí dà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́fà ni wọ́n gbé kọ́ sábẹ́ àjà kọnkéré rẹ̀, bóòtì mẹ́rin mẹ́rin ló sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró. Olútáyọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni Adébùnmí gòkè, tó gbé sípánà rẹ̀ lé bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan. Sípánà yẹn kì í ṣe sípánà lásán. Bí nọ́ọ̀tì bá ti le dé ìwọ̀n tó yẹ, á dún kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Gbogbo wọn ló dún.

Nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó bá Jessica. Jessica ni ẹnjinníà tó ya àwòrán iṣẹ́ náà, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò tíì tó ogójì ọdún, tí kì í pariwo. Olútáyọ̀ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká apá mọ́yà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, òun ni wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti Adébùnmí jọ ń lọ ní Oxon Hill. Bọ̀dá Táyọ̀ ni Adébùnmí ń pè é, òun náà sì ń pe Adébùnmí ní Ìyá Tolú.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ dán wò?" Jessica béèrè.

"Gbogbo rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún."

"Sípánà yìí lẹ lò?"

"Òun náà ni. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé rẹ̀ wà nínú mọ́tò mi."

Wọ́n ti fi òpó irin ti ẹ̀rọ náà lábẹ́ kí ó má baà já. Adébùnmí gun lífítì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò lọ sókè. Ó fọwọ́ kan bóòtì tó sọ̀ náà, bóòtì sì mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ó wá gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì, ó fà á.

Kẹ́.

Ó wo sípánà náà. Ó tún un fà. Kẹ́. Bóòtì tó ti yọ síta, tó ń mì, tí kò di ohunkóhun mú, òun ni sípánà ń sọ pé ó le dáadáa.

"Ẹ ò gbọ́ ọ bí?" Olútáyọ̀ ké láti ìsàlẹ̀. "Ó dún! Iṣẹ́ tèmi pé."

"Ó dún lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n ó ń mì."

"Èyí tó bá dún kì í mì."

"Bọ̀dá Táyọ̀, ẹ gòkè wá fọwọ́ kàn án."

Ó gòkè wá, ó fọwọ́ kàn án, ó sì tún fọwọ́ mì í wò fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà títí di ọ̀sán, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Jessica ní bóyá kọnkéré ni kò le tó. Wọ́n yẹ kọnkéré wò, ó le bí àpáta. Adébùnmí ní bóyá ihò ló tóbi jù. Wọ́n wọn ihò, ó ṣe rẹ́gí. Olútáyọ̀ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ayédèrú bóòtì ni wọ́n tà fún òun. Jessica wo àmì tó wà lórí bóòtì, ojúlówó ni. Ẹnìkan ní ẹ̀rọ ń gbọ̀n ni, Jessica sì ní irú bóòtì yìí kì í bẹ̀rù gbígbọ̀n bí ó bá mú dáadáa. Ó sì mú dáadáa, ṣebí ó dún? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń pin sí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ọ̀gá Adébùnmí pe fóònù, àlàyé Adébùnmí lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ọ̀gá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i," ó ní. "Lọ dúró sílé ná títí a ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Nígbà tí Mobáyọ̀ tibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí tábìlì, bébà funfun níwájú rẹ̀, ó ń ya bóòtì.

"Ṣé wọ́n ní ẹ̀bi rẹ ni?"

"Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bi mi ni."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn. Bí sípánà bá dún, á jẹ́ pé nǹkan kan ń fa nǹkan kan. Kí ló ń fa kí ni?"

Mobáyọ̀ jókòó. Ó ní níbi iṣẹ́ tòun, bí ẹ̀rọ bá ń sọ pé ara aláìsàn le, tí aláìsàn sì ń lọ lójú àwọn, aláìsàn làwọn máa ń gbà gbọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Adébùnmí ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ fún òun ibi tí ipá náà gbà lọ. Ó ti sọ ọ́ lójú pátákó ní Ọ̀yọ́ láìmọye ìgbà pé ipá kì í ṣòfò: bí o bá fa nǹkan, nǹkan náà ń fà ọ́ padà. Òun fa nọ́ọ̀tì. Ta ló fa òun padà? Ó ya àmì ọfà síbí, ó pa á rẹ́. Ó yà á sọ́hùn-ún, ó tún pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó se ìrẹsì láìfi iyọ̀ sí i, Mobáyọ̀ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó wa mọ́tò lọ sílé Olútáyọ̀ ní Oxon Hill. Olútáyọ̀ ṣílẹ̀kùn, kò sì sọ pé kó wọlé.

"Ṣé ọ̀gá yín ló rán yín wá?"

"Rárá o, sà. Wọ́n ní kí n má ṣiṣẹ́. Èmi ni mo rán ara mi."

"Kí ẹ lè rù ú lé mi lórí, àbí?" Inú ń bí i. Bí inú bá sì ti ń bí Olútáyọ̀, ọ̀wọ̀ á bọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń de nǹkan mọ́ àjà nílùú yìí. Kò sí ọ̀kan tó yẹ̀ rí. Èyí tí o wá fi sípánà rẹ kàn, òun ló yẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n rò?"

Adébùnmí kò fa ìbínú yọ. "Bọ̀dá Táyọ̀, mi ò wá ká ohunkóhun mọ́ yín lọ́wọ́. Kò yé mi ni mo ṣe wá. Mo fọdún mọ́kànlá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, ọ̀rọ̀ bóòtì kan ṣoṣo ò sì yé mi. Bí ó bá yé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n lè rí oorun sùn."

Olútáyọ̀ sún sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò yé èmi náà," ó ní. "Ẹ wọlé."

Kò jẹ́ kí wọ́n jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló mú un lọ, níbi tí pèpéle kọnkéré kan wà tí ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lé. Ó gbé dírílì jáde, ó gbé òòlù, bóòtì mélòó kan, irin pẹlẹbẹ gígùn kan àti jáàkì mọ́tò.

"Ẹ máa wo bí mo ṣe ń ṣe é," ó ní. "Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú mi."

Ó lu ihò, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó fi òòlù gbá bóòtì wọlé. Ó gbé irin pẹlẹbẹ lé kọnkéré, ó fi nọ́ọ̀tì sí i, Adébùnmí fi sípánà dì í. Kẹ́. Olútáyọ̀ wá ti jáàkì bọ abẹ́ ibi tí irin ti yọ kọjá etí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè. Irin náà tẹ̀, ó tẹ̀ títí ó fi fẹ́ rọ́. Bóòtì kò mira.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ti Adelphi?"

"Báyìí náà ni mo..." Ó dúró. "Rárá. Ti Adelphi ní fóòmù."

Ó wá ṣàlàyé. Nínú àwòrán Jessica, irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹ̀rọ dúró fara ti kọnkéré tímọ́tímọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àtàwọn òṣìṣẹ́ òun débẹ̀, àwọn mìíràn ti lẹ fóòmù nínípọn mọ́ gbogbo abẹ́ àjà nítorí òtútù. Òun pe Jessica lórí fóònù, Jessica sì ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀, kí irin máa rọ̀ sísàlẹ̀ fóòmù. Òun bá lo bóòtì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀tì kan wà lókè irin, òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irin wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Àyè tó ìka mẹ́ta ló wà láàárín irin àti kọnkéré.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀ gan-an," Adébùnmí ní.

Ó lu ihò kejì, ó gbá bóòtì wọ̀ ọ́. Nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n wà, kì í ṣe àjà, orí bóòtì ló kọjú sókè. Ó fi nọ́ọ̀tì kan sí i, ó dá a dúró ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí kọnkéré, ó gbé irin lé e, ó fi nọ́ọ̀tì kejì tẹ̀ ẹ́ lórí. Adébùnmí gbé sípánà rẹ̀ lé e. Kẹ́. Ó dún ketekete bí èkíní.

Olútáyọ̀ tẹ jáàkì lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bóòtì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fa ọ̀bẹ yọ nínú iṣu sísè. Ó dúró díẹ̀, ó tún yọ.

Adébùnmí kúnlẹ̀ lórí kọnkéré. Ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì òkè, ó fọwọ́ kan irin, ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ìka rẹ̀ bọ àárín nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ àti kọnkéré. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀.

"Ara wọn ni wọ́n ń fún," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gba ara rẹ̀ gbọ́. "Nọ́ọ̀tì méjèèjì ló há irin mọ́ àárín, tí wọ́n ń fún un. Ohun tí sípánà ń gbọ́ nìyẹn. Ipá náà ò dé inú ihò rárá."

Olútáyọ̀ mú bóòtì tuntun kan, ó na ìdí rẹ̀ sí i. Òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀. Bí a bá fa bóòtì síta, ìdí rẹ̀ tó nípọn á wọnú òrùka náà, òrùka á fẹ̀, á sì gún ara ihò mú. "Nọ́ọ̀tì ló ń fà á," ó ní, "bí ó bá rí kọnkéré tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá rí kọnkéré tẹ̀, ta ló ń fa bóòtì?" Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. "Ọdún méjìlélógún, Ìyá Tolú. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, orí mi ò mọ̀ ọ́n."

Ọkàn Adébùnmí fúyẹ́ díẹ̀, nítorí pé ó kéré tán, etí rẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú Olútáyọ̀, ó rí i pé ojú náà ti yí padà.

"Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì," Olútáyọ̀ ní.

Kó tó di Àjíǹde ni Olútáyọ̀ àti ọkùnrin méjì nínú ìjọ gbé férémù irin ńlá kan kọ́ sókè ibi tí àwọn akọrin máa ń jókòó, sípíkà mẹ́rin sì wà lára rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ni ilé ìjọsìn náà tẹ́lẹ̀, àjà rẹ̀ kò tẹ́jú, nítorí náà férémù kò fara kan kọnkéré. Nọ́ọ̀tì kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí Ìyá Wolé-wolé bá àwọn wò ó. Ó gun àkàbà, sípánà rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìjọ sì pàtẹ́wọ́.

"Aago mélòó ló lù?" Adébùnmí béèrè.

"Ó ti kọjá márùn-ún."

"Àwọn akọrin ń bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní márùn-ún ààbọ̀."

Mọ́tò Olútáyọ̀ ni wọ́n gbé. Títì Indian Head Highway ti kún fún àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Olútáyọ̀ ń pe Kánọ́ọ̀nù, àlùfáà ìjọ wọn, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Adébùnmí ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àṣejù ni. Oṣù kan àtààbọ̀ ni férémù yẹn ti wà lókè láìjá. Ó tún rántí bóòtì tó mì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí Olútáyọ̀ yà sí ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n gbọ́ orin láti ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Olútáyọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró lójú ọ̀nà àárín àga, ó gbójú sókè wo férémù.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!" Adébùnmí ké láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Gbogbo yín, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀!"

Orin dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mira. Àwọn kan wo ilẹ̀, bóyá ejò ni. Ẹnìkan béèrè pé ṣé iná ni. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kò tilẹ̀ gbọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

"Férémù yẹn ò dúró!" Olútáyọ̀ náà ké. "Ẹ jáde! Ẹ gba ọ̀tún!"

Wọ́n jáde, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Kánọ́ọ̀nù ti ọ́fíìsì rẹ̀ jáde, awò ojú rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Wọ́dìn, kí ló dé? Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ fún wa pé ó dúró dáadáa?"

"Àwa la sọ bẹ́ẹ̀, sà," Adébùnmí dáhùn. "Ohun tí a gbọ́ la sọ. A ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀."

"Kò yé mi."

"Kò yé àwa náà títí di wákàtí kan sẹ́yìn, sà."

Wọ́n gbé òpó ti férémù náà kí wọ́n tó gun àkàbà. Nínú bóòtì mẹ́jọ, mẹ́ta ń mì. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ti sọ̀, ibi tó yọ jáde láti inú kọnkéré sì ń dán, eruku kò tíì bò ó. Adébùnmí pe Olútáyọ̀ kó wá wò ó. Nígbà tí Olútáyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga àwọn akọrin obìnrin, ó fọwọ́ bo ojú. Kánọ́ọ̀nù jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ lọ bá Jessica. Adébùnmí ya bóòtì náà fún un, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì àti àyè tó wà láàárín. Jessica wo àwòrán náà, ó gba bírò, ó yà á fúnra rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró lágbedeméjì.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀," ó ní. "Mò ń wa mọ́tò lọ́wọ́ nígbà tí Táyọ̀ pè mí. Mo ronú kan fóòmù, mi ò ronú kan bóòtì."

Kò di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn. Ó ya àwòrán tuntun. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé fóòmù kúrò níbi bóòtì. Nọ́ọ̀tì kan àti wáṣà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́ kọnkéré fúnra rẹ̀ títí sípánà yóò fi dún, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbé irin kọ́ ọ. Ó ní bóòtì tuntun gbọ́dọ̀ sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí bí nǹkan bá ti jìnnà sí ohun tó gbé e dúró, ó rọrùn fún un láti tẹ̀. Ihò àtijọ́ kò wúlò mọ́, tuntun ni wọ́n máa lù. Olútáyọ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ ọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ òun pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìkan.

Ọ̀gá Adébùnmí kò lé e lẹ́nu iṣẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní kó kọ gbogbo ibi tó ti fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Adébùnmí fi wo àwọn fọ́tò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ibi mẹ́rin ló rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jọ́sìn láìsí sípíkà. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ Kánọ́ọ̀nù dáadáa, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló wí. Lẹ́yìn ìsìn, Èyíwùnmí, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, fa Adébùnmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Tolú, ẹ má bínú o. Nígbà tí ẹ sọ pé ó dáa yẹn, ṣé ó dáa ni àbí kò dáa?"

Adébùnmí fi ẹ̀ṣẹ́ méjì tẹ ara wọn níwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé nọ́ọ̀tì òkè àti nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Èyíwùnmí ń mi orí. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò gbọ́ ọ yé, Adébùnmí sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin náà jẹ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní Largo, níbi tí páìpù omi gba abẹ́ àjà kọjá. Nígbà tí Adébùnmí débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó bá mọ́tò Olútáyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Adébùnmí ti dárúkọ ibẹ̀ fún un lẹ́yìn ìsìn, ṣùgbọ́n Olútáyọ̀ kọ́ ló ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

"Bọ̀dá Táyọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ yín nìyí o."

"Mo mọ̀," ó ní, ó ń tú okùn tó fi de àkàbà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. "Ẹ bá mi di ìdí rẹ̀ mú."